Àtàǹpàkò Edmond

Mo sùn kọjá àkókò ni. Kò sí àwáwí mìíràn tí mo lè ṣe. Ìtàkùn fánílà tí mo ti ń tọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí mo ń bomi rin, tí mo ń fi aṣọ rírin nu ewé rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ, ta òdòdó àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, èmi sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo fi máa jáde síta, oòrùn ti kan àtàrí. Òdòdó náà ti ká mọ́ra, ó rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn ò sá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó já bọ́.

Mo pe àbúrò mi obìnrin, mo ń rojọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òdòdó lẹ wá ń ṣọ̀fọ̀ báyìí?"

Òdòdó náà mà ni. Òdòdó fánílà kì í lò ju òwúrọ̀ kan lọ láyé. Ó máa ń là ní ìdájí, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti parí. Bí ohunkóhun tàbí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan inú rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, kò ní so. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró dè é, oorun wákàtí mẹ́fà ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Ohun tó gbà mí ni pé ìrudí mìíràn ṣì wà lórí ṣùrù kan náà, mo ka mẹ́tàlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì máa ń là. Lọ́jọ́ kejì, aago márùn-ún ìdájí bá mi ní ìdúró, igi ìtayín lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù tó ń tàn lọ́wọ́ òsì. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ọwọ́ méjì kò tó fún iṣẹ́ náà. Mo fi eyín di fóònù mú. Mo ti wo fídíò tó pọ̀ lórí rẹ̀, mo ti rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo fi igi ya òdòdó náà sí méjì pátápátá.

Kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ìyeyè tí kò tíì pọ́n tán. Ewé òdòdó márùn-ún ló yà síta, ìkẹfà sì ká bí ẹnu kàkàkí kékeré. Inú kàkàkí yìí ni òpó tín-ín-rín kan wà. Ní ṣóńṣó òpó náà ni ìyẹ̀fun akọ wà, kì í sì í fò nínú afẹ́fẹ́ bíi ti àgbàdo. Ó dì pọ̀ bí ìda oyin, ó ní ìdérí lórí. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni ojú abo wà, ó ń dán, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Akọ àti abo ń gbé inú yàrá kan náà, àlàfo àárín wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n awọ pẹlẹbẹ kan ló fà sáàárín wọn bí aṣọ ìkélé, kò sì jẹ́ kí wọ́n fojú kan ara wọn. Iṣẹ́ tí èèyàn máa ṣe kò ju kó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé aṣọ ìkélé yìí sókè, kó wá fi àtàǹpàkò rọra tẹ akọ mọ́ abo. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ lórí òdòdó kan. Òdòdó mẹ́ta ni mo bà jẹ́ kí n tó rí ọ̀kan ṣe, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n.

Ìgbà tí mo jókòó lẹ́yìn èyí tí mo rí ṣe ni ìbéèrè náà wá sí mi lọ́kàn. Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé awọ yẹn ni kí wọ́n gbé? Ta ló wo inú òdòdó tó kéré tó báyìí, ní àárọ̀ kan ṣoṣo tó ní, tó sì rí ohun tó ń dí i lọ́wọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ọ́kíìdì ni fánílà, ìyẹn ẹbí ewéko kan tí òkìkí òdòdó wọn kàn. Ó lé ní 25,000 irú ọ́kíìdì tó wà láyé, ojú ni ènìyàn sì ń gbin ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn fún. Láyé Ọbabìnrin Victoria, àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé onígíláàsì fún wọn, wọ́n ń dáná sí abẹ́ rẹ̀ kí ó lè gbóná, wọ́n sì ń rán ènìyàn lọ sínú igbó Brazil àti Íńdíà láti lọ kó wọn wá. Àwọn aṣojú wọn a máa gé odidi igi lulẹ̀ nítorí òdòdó tó wà lórí ẹ̀ka rẹ̀. Ìtàn àṣejù ni, mi ò sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Fánílà nìkan ni ọ́kíìdì tí gbogbo ayé sọ di iṣẹ́ oko nítorí imú àti ẹnu, kò sì sí ìdíje ẹwà nínú tirẹ̀ rárá. Òdòdó rẹ̀ kò tilẹ̀ rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ lè má yíjú wò ó.

Mẹ́síkò ni ilé rẹ̀. Àwọn ènìyàn Totonac, ní etíkun ìlà-oòrùn, níbi tí ìpínlẹ̀ Veracruz wà lónìí, ni wọ́n ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí àwọn Aztec borí wọn, fánílà di ara ohun tí wọ́n fi ń sìn wọ́n. Àwọn Aztec ń pè é ní tlilxochitl, ìyẹn òdòdó dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdòdó rẹ̀ kò dúdú. Èso tí wọ́n ti sá gbẹ ló dúdú. Wọ́n ń pò ó mọ́ kòkó, wọ́n ń mu ún. Àwọn ará Sípéènì bá wọn níbẹ̀ ní nǹkan bí 1520, wọ́n kó o lọ sílé pẹ̀lú kòkó náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní vainilla. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àkọ̀ kékeré, irú àkọ̀ tí a ń ki idà bọ̀. Orúkọ náà bá a mu, nítorí èso rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Láti ìgbà yẹn, nǹkan bí ọdún 300 ni Mẹ́síkò fi dá nìkan ń tà á fún ayé. Kì í ṣe pé wọ́n fi ìtàkùn náà pa mọ́. Àwọn ènìyàn gbé e lọ sí Yúróòpù, ó hù nínú ilé onígíláàsì. Nígbà tó fi di 1807, ó ti tanná ní Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ọgbà Charles Greville. Ó ń tanná, kò so. Kòkòrò tó ń bá a ṣe é nínú igbó Mẹ́síkò kò bá a rìnrìn àjò, aṣọ ìkélé ọjọ́sí sì wà níbẹ̀. Nínú igbó ilé rẹ̀ pàápàá, bí òdòdó 100 bá là, èyí tó máa so láìsí ọwọ́ ènìyàn kì í ju bí ẹyọ kan lọ.

Ẹni tí ìwé kọ́kọ́ gbé oríyìn iṣẹ́ náà fún ni Charles Morren, onímọ̀ nípa ewéko ní ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní 1836, ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú kí fánílà so nínú ilé onígíláàsì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Mi ò ní gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé ló wà, kò dé oko ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Òkun Íńdíà báyìí, sí erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Bourbon nígbà náà, tó di Réunion lónìí. Àwọn Faransé ti gbé fánílà lọ síbẹ̀ ní 1819, wọ́n tún gbé e lọ ní 1822. Ìrètí wọn ni pé àwọn náà á máa bá Mẹ́síkò tà á. Ìtàkùn gun igi, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kò sí èso. Ní Sainte-Suzanne, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ferréol Bellier-Beaumont ní ọ̀kan tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ó fẹ́ràn ewéko púpọ̀. Ó sì ní ẹrú.

Edmond jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bí i ní 1829 ní Sainte-Suzanne níbẹ̀. Mélise ìyá rẹ̀ kú síbi ìkúnlẹ̀. Edmond ni wọ́n ń pè é, ó tán. Ẹrú kì í ní orúkọ ìdílé. Agboolé Bellier-Beaumont ló dàgbà sí, ọ̀gá náà a sì máa mú un kiri inú ọgbà bí ó bá ń yẹ ewéko wò. Kò rán an lọ sílé ìwé, kò kọ́ ọ ní kíkà. Àmọ́ ó kọ́ ọ ní orúkọ òdòdó, ó sì fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fi òdòdó akọ bàrà kan òdòdó abo kí bàrà lè so dáadáa.

Lọ́jọ́ kan ní 1841, àwọn méjèèjì ń rìn nínú ọgbà. Bellier-Beaumont gbójú sókè, ó rí èso lórí ìtàkùn fánílà rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu. Edmond ní, "Èmi ni mo ṣe é." Ọ̀gá kò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, èso mìíràn tún yọ. Ni ọ̀gá bá ní kó wá ṣe é lójú òun. Ọmọ ọdún méjìlá náà mú òdòdó kan, ó ya ẹnu kàkàkí rẹ̀, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé awọ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó tán.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí fẹ́ràn láti máa pè é ní oríire, pé ọmọdé ń ṣeré, ó ṣèèṣì kàn án. Inú máa ń bí mi sí i. Ẹni tó bá ti fi igi ìtayín ya òdòdó yìí sí méjì rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ara bàrà, ọ̀tọ̀ ni òdòdó akọ, ọ̀tọ̀ ni ti abo, ojú sì rí méjèèjì ketekete. Ti fánílà wà nínú ara wọn, wọ́n fara pa mọ́. Ọmọ náà ní láti kọ́kọ́ gbà pé akọ àti abo wà níbẹ̀, kó wá wọn rí, kó mọ̀ pé awọ yẹn kì í ṣe ara èyíkéyìí nínú wọn, kó sì ronú ohun tí a lè fi gbé e láìfà á ya. Kò sì lè ṣe gbogbo èyí lọ́jọ́ kan, torí òdòdó kan kì í dúró di ọjọ́ kejì. Ó ti ń wò ó láti ọjọ́ pípẹ́, láàárín iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ àti èyí tí wọn kò bẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ lásán ni. Ọwọ́ gan-an ni wọ́n ń sọ.

Bellier-Beaumont kò fi í pa mọ́, kí n fún un ní ìyẹn. Ó sọ ọ́ fún àwọn olóko yòókù, wọ́n sì ń mú Edmond lọ láti oko dé oko kó lè fi han àwọn ẹrú ibẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín tirẹ̀ àti ti Morren. Ọwọ́ ni Edmond fi iṣẹ́ tirẹ̀ lé, ọwọ́ sì ń fi lé ọwọ́. Ohun tí ọwọ́ mọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè tì mọ́nú àpótí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí olówó rẹ̀ ṣe lè máa gba owó orí rẹ̀. Ní Réunion títí dòní, bí wọ́n ṣe ń pe ìgbésẹ̀ náà lédè Faransé ni geste d'Edmond.

Jean Michel Claude Richard, tó jẹ́ olórí ọgbà ewéko ìjọba ní Saint-Denis, jáde pé òun lòun kọ́kọ́ fi ọ̀nà náà han àwọn ará erékùṣù náà lọ́dún díẹ̀ ṣáájú, pé ọmọ náà ní láti wà níbẹ̀ tó ń wò. Bellier-Beaumont kọ ìwé láti tako ọ̀rọ̀ yìí, ó ní ẹrú òun ló ni í. Ìbéèrè tèmi kò ju ẹyọ kan lọ. Bí àwọn olóko bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ló dé tí fánílà gbogbo wọn ń tanná lásán títí di ọjọ́ tí Edmond fọwọ́ kan ti ọ̀gá rẹ̀?

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1848, wọ́n dá ẹrú sílẹ̀ ní Réunion, ó lé ní 60,000 ènìyàn. Ìjọba Faransé san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó ni ẹrú. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n fún wọn ni orúkọ ìdílé, nítorí ìwé ìjọba kò gba orúkọ kan ṣoṣo. Edmond di Edmond Albius. Ó jọ ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí funfun, wọ́n sì fi sọ ọmọ dúdú. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mi ò mọ ilé ta ni wọ́n wò.

Ó lọ sí ìlú, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná. Wọ́n mú un fún olè, wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ohun ẹ̀ṣọ́ olówó iyebíye tí wọ́n jí, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Bellier-Beaumont bẹ gómìnà, ó ní kí wọ́n wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe fún erékùṣù náà, wọ́n sì dá a sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ó padà sí Sainte-Suzanne. Ibẹ̀ ló kú sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1880, nílé ìwòsàn àwọn aláìní. Ìwé ìròyìn erékùṣù náà kọ ọ́ pé ẹni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mú fánílà so, tí ìlú sì jèrè rẹ̀, ti kú nínú òṣì.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1848, fánílà tí Réunion tà sókè òkun jẹ́ kílò 50. Ní 1898, ó ti di tọ́ọ̀nù 200. Mẹ́síkò kò rọ́wọ́ mú mọ́. Àwọn olóko Réunion gbé ìtàkùn náà àti ọwọ́ náà dé Madagásíkà, ibẹ̀ ló sì wá pọ̀ sí jù lónìí, ní àríwá ìlà-oòrùn, ní àyíká Sambava àti Antalaha. Bí ìjì bá jà níbẹ̀, gbogbo ayé ló máa ń gbọ́ ọ nínú owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìjì Enawo ti oṣù Kẹta 2017, kílò kan ń lọ ní nǹkan bíi 600 dọ́là. Olè wá pọ̀ lóko débi pé àwọn àgbẹ̀ a máa fi abẹ́rẹ́ gún àmì ara wọn sí ara èso nígbà tó ṣì tutù. Àmì náà kì í parẹ́ bó bá gbẹ.

Ti fánílà àtọwọ́dá ńkọ́? Láti 1874 ni Haarmann àti Tiemann ti fi oje igi páìnì ṣe kẹ́míkà tó ń mú un ta sánsán, ní Jámánì. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí ẹnu wa ń pè ní fánílà. Mi ò ní bú u, mo ti jẹ ẹ́ jù fún ìyẹn.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn ni pé kò sí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn. Ní Réunion, wọn kì í sọ pé àwọn ń mú òdòdó so. Wọ́n ní àwọn ń ṣe ìyàwó fún fánílà, wọ́n sì ń pe àwọn obìnrin tó ń ṣe é ní orúkọ tí a lè pè ní alárinà. Ẹnì kan lè ṣe ẹgbẹ̀rún òdòdó kí ọ̀sán tó pọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Alárinà fánílà kò lè yẹ̀ba. Lónìí, bí ẹ bá rí èso fánílà gidi lóko, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹnì kan ti fi àtàǹpàkò tẹ òdòdó rẹ̀.

Tèmi so mẹ́rin. Méjì rọ dànù láàárín oṣù kan, mo rò pé omi tí mo bu sí i ló pọ̀ jù. Èyí tó ṣẹ́ kù gùn tó ìka méjì tí a tò léra, ó so rọ̀ lórí ìtàkùn fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, mo sì ń kí i láràárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo gé e. Mo gbé e sí imú, kò rùn, kò ta sánsán, àfi òórùn ewé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Èso tútù kì í mú òórùn kankan wá.

Mo ki í bọ omi tó gbóná, tí kò hó, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo wé e sínú aṣọ onírun, mo tẹ́ ẹ sínú páálí, mo dé e. Nílẹ̀ ọjọ́ kejì ó ti di àwọ̀ ilẹ̀. Láti ìgbà náà, mo ń sá a sóòrùn fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, mo sì ń dá a padà sínú aṣọ rẹ̀ kó máa làágùn. Oṣù mélòó kan ṣì kù kó tó gbẹ dáadáa. Láàárọ̀ yìí, mo tú aṣọ náà, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nà án gbọọrọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ń rọ̀ bí awọ tí wọ́n fi òróró pa. Mo wá lọ ṣe nǹkan mìíràn. Ó tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, mo gbọ́wọ́ sókè láti nu ojú mi, mo gbóòórùn rẹ̀.